Ẹni Tó Sin Mí Nínú Ìwé

Èmi ni ọmọbìnrin tó kú nínú ìwé náà. Bí o bá ti kà á tí o sì sunkún mi, mo dúpẹ́. Bí o bá wo fíìmù rẹ̀ tí o fi etí aṣọ nu ojú, mo dúpẹ́ bákan náà. Ṣùgbọ́n mo wà láàyè, mo ń jẹun, mo ń bínú, mo sì fẹ́ sọ bí ọ̀rọ̀ èmi àti ọkùnrin tó kọ ọ́ ṣe rí gan-an, torí pé àwọn tó ń pàdé mi lójú ọ̀nà ti ń wò mí bí ẹni tó gbàgbé láti wọ sàréè.

Iṣẹ́ ìdìwé ni bàbá mi ń ṣe. Àwọn ilé ìtẹ̀wé á kó bébà tí wọ́n ti tẹ̀ wá fún wa, àwa á ká a ní abala-abala, a ó to àwọn abala náà léra, a ó rán ẹ̀yìn wọn pọ̀, a ó fi gọ́ọ̀mù lẹ èèpo mọ́ ọn, bàbá mi á wá fi ẹ̀rọ gé etí rẹ̀ kó lè gún. Yàrá iwájú ilé wa la ti ń ṣe é. Òórùn gọ́ọ̀mù wà lára aṣọ wa, ó wà lára ìrọ̀rí wa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nínú omi tí à ń mu. Bàbá mi kì í ka ohun tó bá ń dì. Ó ní ẹni tó bá ń kàwé nídìí ẹ̀rọ yẹn, ọjọ́ kan ni yóò gé ìka ara rẹ̀ mọ́ ìwé.

Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bí mi pẹ̀lú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní fọ́níkúfọ́ladìde. Ẹ má tíì káàánú mi. Ọjọ́ tí ara mi bá yá, mo lè ṣiṣẹ́ títí ẹni tó lera á fi bẹ̀ mí pé ká sinmi. Ọjọ́ tí kò bá yá, egungun mi á máa ké, bàbá mi á gbé mi sẹ́yìn ọkọ̀, ó di ilé ìwòsàn. Bí a ṣe ń bá a yí láti kékeré nìyẹn. Ìyá mi kò lè bá a yí. Ó lọ fẹ́ ẹlòmíràn, ó sì bí ọmọ tó lera fún un. Àbúrò bàbá mi obìnrin, tí mo ń pè ní Àǹtí, ló bá bàbá mi tọ́ mi dàgbà.

Ọkùnrin náà kọ́kọ́ wá pẹ̀lú ìwé pẹlẹbẹ kan tó fúnra rẹ̀ kọ, ó ní ká bá òun dì í. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo bí mo ṣe ń fi búrọ́ọ̀ṣì pa gọ́ọ̀mù.

"Ṣé o ti kà á?" ó bi mí.

"Kí ni?"

"Ìwé mi."

"Mo ti lẹ̀ ẹ́. Ìyẹn ò tó?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó láì sí ẹni tó ní kó jókòó. Báírò máa ń wà létí rẹ̀ nígbà gbogbo, ni Àǹtí bá sọ ọ́ ní Akọ̀wé, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá láìní ohun tó fẹ́ dì. Á ní òun kàn ní kí òun wò ó bóyá gọ́ọ̀mù ti gbẹ. Bàbá mi mọ bó ṣe ń pẹ́ tó kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ. Ó kàn ń wò ó láti òkè awò ojú rẹ̀ ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó wà lọ́dọ̀ wa, ara mi dédé kọ̀ṣẹ́. Òun àti bàbá mi ni wọ́n jọ gbé mi. Ó jókòó tì mí nílé ìwòsàn, ojú rẹ̀ ṣófo bíi bébà tí wọn ò tíì tẹ̀, nígbà tí nọ́ọ̀sì sì ní kó yẹra díẹ̀, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láìdágbére. Mo ní, ó tán, òun náà ti sá. Mo ti rí irú wọn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ó padà wá pẹ̀lú ọsàn nínú ọ̀rá, ara rẹ̀ ti balẹ̀, ó ń ṣàwàdà.

"Ṣé o máa kú lónìí?"

"Rárá o. Mo níṣẹ́ lọ́la."

"Ó dáa. Mo ní kí n bi ẹ́ kí n tó bó ọsàn ni."

Ẹ̀rín pa mí débi pé ẹ̀gbẹ́ dùn mí. Ó wá bi mí pé, "Báwo gan-an ló ṣe máa ń dùn ẹ́?" Mo ní, "Bí ìgbà tí ilẹ̀kùn bá tì mọ́ èèyàn níka, tí kò wá sí ẹni tó máa ṣí ilẹ̀kùn ọ̀hún." Ó di ọwọ́ mi mú. Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn yòókù máa ń wo ilẹ̀, wọ́n á ní Ọlọ́run á ṣe é. Ìbéèrè yẹn ni mo torí ẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo lè pa gọ́ọ̀mù sórí tábìlì dípò bébà. Ohun gbogbo tó bá bi mí, mo sọ fún un.

Ọdún yípo. Akọ̀wé ní òun ń kọ ìwé tuntun, ìtàn ìfẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n rí i. Ó tún ní òun fẹ́ kí àwọn èèyàn òun wá rí bàbá mi.

"Nítorí kí ni?" Mo ṣe bí ẹni tí kò mọ̀.

"Wọ́n fẹ́ wá wo bóyá gọ́ọ̀mù ti gbẹ."

Àǹtí gba iṣẹ́ alárinà láì sí ẹni tó fún un. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń gbé ọ̀rọ̀ wa kiri bí ẹni gbé ẹyin. Àkókò náà gan-an ni bébà ìwé tuntun náà dé. Ilé ìtẹ̀wé tó gbà á kò mọ̀ pé à ń fẹ́ra. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti ń dìwé tẹ́lẹ̀.

Bí mo ṣe ń to abala ni mo ń kà á. Ọmọbìnrin inú rẹ̀ ń dìwé. Irú ẹ̀jẹ̀ mi ló ní. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn àti ìka wà níbẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ojú tì mí, inú mi sì dùn, àbí ta ni kò ní dùn mọ́? Mo jókòó sórí ìdì bébà, mo ń rẹ́rìn-ín nìkan bí ọmọ tó jí ṣúgà lá. Ọmọkùnrin inú ìwé náà fẹ́ràn rẹ̀ ju bí mo ṣe rò pé ẹnikẹ́ni lè fẹ́ràn mi lọ. Ìgbà tí mo dé abala ìkẹyìn ni ọmọbìnrin náà kú.

Ó kú pátápátá, kò sí iyèméjì níbẹ̀. Wọ́n wọ búláòsì aláwọ̀ ìyeyè fún un, wọ́n tẹ́ ẹ sínú pósí, ọmọkùnrin náà dúró lórí sàréè rẹ̀, ó sì ti ibẹ̀ di géńdé. Mo ní irú búláòsì yẹn. Akọ̀wé fúnra rẹ̀ ló sọ pé ó yẹ mí. Ó kọ ọ́ dáadáa, ìyẹn ló burú níbẹ̀. Omi bọ́ lójú mi, mo sunkún ara mi.

Àǹtí bá mi bẹ́ẹ̀. Kò sí ìwé ìfẹ́ tí kì í kà, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó kà á ní ìdúró. Nígbà tó parí, ó yí sí mi.

"Ta nìyí?"

"Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, Àǹtí."

Ó lọ sọ fún bàbá mi. Bàbá mi jókòó nídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó fi awò sójú, ó sì ka ìwé nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. A gbé oúnjẹ fún un, kò jẹ ẹ́. Ó ránṣẹ́ pe Akọ̀wé.

"Má wulẹ̀ kó ẹnikẹ́ni wá," ó ní.

"Sà, ìtàn lásán ni."

"Mo gbọ́. Nínú ìtàn lásán náà, ṣé kò ṣeé ṣe kó yè ni? Àbí bébà ló tán?"

Akọ̀wé wo ilẹ̀. "Bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń parí nìyẹn, sà. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kà á fẹ́ sunkún."

"Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i ni èmi àti ikú ti ń fa ọmọ yìí gbà mọ́ra wa lọ́wọ́. Mi ò lè wá fà á lé ẹni tó ti sin ín lọ́wọ́."

Ó dìde, ó tan ẹ̀rọ. Ariwo ẹ̀rọ náà ni kò jẹ́ kí Akọ̀wé lè fèsì.

Àǹtí tún bẹ̀rẹ̀ lílọ àti bíbọ̀ rẹ̀. Akọ̀wé ní kí ó sọ fún mi pé ẹni inú ìwé náà kì í ṣe èmi. Mo ní kí wọ́n bi í pé kí ló dé tí ẹni inú ìwé náà fi wọ aṣọ mi. Ní ọ̀sán, mo máa ń bínú sí i. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, tí ẹnu ọ̀nà ṣófo, n ó máa rò ó pé bóyá bàbá mi ló le jù, pé bóyá ìtàn lásán ni lóòótọ́, pé èmi tí gbogbo ènìyàn ń wò tìkáàánú-tìkáàánú, ẹnì kan ṣoṣo tó wò mí tó sì rẹ́rìn-ín, ìwé ni mo fẹ́ torí ẹ̀ sọ nù. Àárò rẹ̀ ń sọ mí gan-an.

Láàárín ìgbà náà ni bàbá mi ní kí n lọ sinmi, pé òun á dá ìwé yẹn dì. Ó dì í tán, ó kó o fún àwọn tó ni ín. Ẹ̀dà kan ṣẹ́kù nílẹ̀ tí mo ṣí. Ó parí síbi tí ọmọbìnrin náà ti lajú nílé ìwòsàn, tó ní kí ọmọkùnrin náà bá òun ṣí fèrèsé torí ooru mú. Ó ṣí i. Kò sí nǹkan mìíràn lẹ́yìn ìyẹn.

"Bàbá, ẹ gbàgbé abala ìkẹyìn."

"Mi ò gbàgbé. Mo ti fi gbogbo rẹ̀ dáná."

Bàbá mi yìí ni ọkùnrin tó máa ń tú odindi ìwé palẹ̀ nítorí ojú ewé kan tó wọ́. Mo lọ bá a gbá ilẹ̀.

Kò sì sẹ́ni tó fura. Àwọn ará ilé ìtẹ̀wé ka iye ìwé tó padà wá, wọn ò ka inú rẹ̀. Akọ̀wé ní tirẹ̀, ẹ̀yìn ìwé ló gbájú mọ́, níbi tí àwòrán rẹ̀ wà. Ìwé náà tà. Àwọn ọmọbìnrin ń gbé e mọ́ àyà kiri nínú ọkọ̀, wọ́n ń bi ara wọn pé ta ló máa rí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ fẹ́.

Lọ́jọ́ kan, Akọ̀wé tún dúró lẹ́nu ọ̀nà wa lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù. Obìnrin kan tó ń darí fíìmù ló mú wá. Ó fẹ́ fi ìwé náà ṣe fíìmù, ó sì fẹ́ rí bí ibi tí wọ́n ti ń dìwé ṣe máa ń rí. Obìnrin náà fọwọ́ kan gbogbo nǹkan. Ó gbóòórùn gọ́ọ̀mù, ó sín.

"Ẹ mọ ohun tó mú mi fẹ́ràn ìwé yìí, Bàbá?" ó ní. "Gbogbo ìwé ìfẹ́ tí wọ́n ń kó wá fún mi, ọmọbìnrin á kú dandan, kí ọmọkùnrin lè rí nǹkan sunkún sí. Eléyìí nìkan ló jẹ́ kó yè. Ó ní kí wọ́n ṣí fèrèsé! Mo pariwo nínú ilé mi."

Akọ̀wé wò ó bí ẹni tí wọ́n fi orúkọ ẹlòmíràn kí. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi ìka tọ ojú ibi tí a ti rán an. Lẹ́yìn náà ó wo bàbá mi. Bàbá mi ń pa gọ́ọ̀mù lọ, kò gbójú sókè.

"Ẹ ṣé, mà," ni Akọ̀wé sọ níkẹyìn.

Nígbà tí obìnrin náà lọ sínú ọkọ̀, bàbá mi gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀.

"Èmi ni. Mo ti ṣe ohun tí adìwé kì í ṣe. Bí o bá fẹ́, lọ fi ẹjọ́ mi sùn, mi ò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n bí o bá lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó yè nínú ìwé, kó yè nínú fíìmù, kó àwọn èèyàn rẹ wá. Màá fún ọ lọ́mọ mi."

Akọ̀wé wò mí. N kò mọ ojú tí mo ṣe, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo fẹ́, ó sì hàn lójú mi.

"Mo gbà, sà," ó ní.

Àwọn èèyàn rẹ̀ wá, wọ́n sì fi ìgbéyàwó sí ẹ̀yìn ìgbà tí fíìmù bá parí. Mo ń kọrin nídìí iṣẹ́. Àǹtí á ní, "Ìyàwó Akọ̀wé, gọ́ọ̀mù ti wọ irun ẹ o, ṣé o fẹ́ kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọkọ ni?" Àní bàbá mi rẹ́rìn-ín. Bí mo bá ní ọjọ́ ayọ̀ kankan tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà, àwọn ọjọ́ yẹn ni.

Mo fúnra mi ní kí n lọ wo bí wọ́n ṣe ń ya fíìmù náà. Ilé ìwòsàn àtijọ́ kan ni wọ́n ti ń yà á. Lábẹ́ igi níta, káfíńtà kan ń fá pákó, ó ń súfèé. Pósí ni. Mo ní bóyá ti fíìmù mìíràn ni. Òṣèré tó ń ṣe èmi wá sáré pàdé mi, ọmọbìnrin gíga tó lera, tó wọ búláòsì aláwọ̀ ìyeyè. Ó gbá mi mọ́ra.

"Ìwọ nìyí? Wọ́n sọ fún mi nípa ẹ. Má dààmú, màá kú dáadáa fún ẹ."

"Wọ́n ní kò ní kú."

"Ó kú o! Ẹni tó kọ ọ́ ló mú abala tó kù wá fún ọ̀gá wa. Ọ̀gá kọ́kọ́ kọ̀. Ó kà á fún wa sókè, gbogbo wa bú sẹ́kún, ni òun náà bá gbà."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni mo tún máa sọ? Ọmọ ọlọ́mọ kò ṣe mí ní nǹkan kan.

Mo rí Akọ̀wé lẹ́yìn ilé, nítòsí ẹ̀rọ iná. Bó ṣe rí ojú mi ló ti mọ̀.

"O gbà fún bàbá mi," mo ní.

"Mo gbà. Mo sì fẹ́ mú un ṣẹ. Àmọ́ gbogbo ibi tí mo dé ni wọ́n ti ń yìn mí fún ohun tí kì í ṣe èmi ni mo ṣe é. Bàbá ẹ ló parí ìwé mi."

"Ṣé nítorí ìyìn nìkan ni?"

"Rárá. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a gbé ẹ lọ sílé ìwòsàn, ẹ̀rù bà mí débi pé mo sá. Mo délé, mo jókòó, mo kọ ikú yẹn. Òun ni mo kọ́kọ́ kọ nínú gbogbo ìwé náà. Mo fẹ́ mọ bó ṣe máa rí. Nígbà tí mo kọ ọ́ tán, tí mo sunkún tán, ara mi wá balẹ̀, mo wá lè padà sọ́dọ̀ ẹ. Bí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò, mi ò mọ ohun tí mo dì mú mọ́."

Mo rántí ọsàn. Mo rántí bí mo ṣe rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi dùn mí.

"Nígbà tí o bi mí bóyá mo máa kú lónìí, o ti sin mí nígbà yẹn?"

"Má sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"O ti sunkún mi tán?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní, ó sì di ọwọ́ mi mú bí ẹni tó fẹ́ fún mi lẹ́bùn. "Torí náà ni mo ṣe lè fẹ́ ẹ. Ohunkóhun tó bá dé, mo ti ṣe tán."

Ó fẹ́ràn mi. N kò ní parọ́ mọ́ ọn. Mo yọ ọwọ́ mi, mo sì wọkọ̀ lọ sílé.

Bàbá mi ń to abala. Mo sọ fún un pé kò sí ìgbéyàwó mọ́, mo sì sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ó jókòó lórí ìdì bébà. Mo retí kó bínú, kò bínú. Ó kàn ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu orí tábìlì tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀.

"Mo rò pé inú bébà nìkan ni ikú náà wà," ó ní.

Fíìmù náà jáde. Wọ́n ní àwọn èèyàn ń sunkún nínú ilé sinimá débi pé wọn kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ìparí. N kò lọ wò ó. Àárò rẹ̀ ṣì ń sọ mí. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo ti wọ bàtà pé kí n lọ bá a, tí mo sì tún bọ́ ọ. Ara mi kọ̀ṣẹ́ ní àkókò náà, mo sùn nílé ìwòsàn, bàbá mi nìkan ló jókòó tì mí.

Nígbà tí mo padà sílé, Àǹtí wá bá mi nídìí iṣẹ́. Ó ti rù, ọ̀rọ̀ náà dùn ún ju bó ṣe ń fi hàn lọ.

"Ó tún rán mi," ó ní. "Ó ní kí n sọ fún ẹ pé òun ò wo obìnrin mìíràn. Ó ní bó ti wù kó pẹ́ tó, òun á máa dúró. Ọmọ mi, ọkùnrin tó lè dúró kò pọ̀."

Mo gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀.

"Àǹtí, ẹ bá mi sọ fún un pé ohun tó ń dúró dè, èmi kọ́, abala ìkẹyìn ni."

Mo rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti yé e lójú rẹ̀. Ó wo ọrùn ọwọ́ mi, níbi tí abẹ́rẹ́ ilé ìwòsàn ti dá ọgbẹ́ sí, ó fa báàgì rẹ̀ sápá, ó sì lọ jẹ́ iṣẹ́ náà.